Kí ẹ tó ra awò ìbọn, ẹ wo ohun tó máa dì í mú

Àwọn ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ ọdẹ níhìn-ín ní Texas máa ń pè mí láti béèrè irú awò (scope, ìyẹn awò awọ̀nàjíjìn tí a fi ń fojú sun ẹran) tó yẹ kí wọ́n rà sórí ìbọn. Èmi náà á bi wọ́n pé: kí lẹ fẹ́ fi dè é mọ́ ìbọn? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń dákẹ́ sí. Wọ́n ti ya 1,000 dọ́là sọ́tọ̀ fún awò, wọ́n sì fẹ́ fi òrùka (irin roboto tó ń di awò mú) 20 dọ́là gbé e dúró. Bí owó kò bá tó, awò ni kí ẹ dín owó rẹ̀ kù, ẹ má fọwọ́ kan owó ìdè. Awò tó mọ níwọ̀n tó dúró gbọn-in yóò pa ẹran. Awò olówó gọbọi tó ń mì yóò kàn ṣe ẹran léṣe ni, ẹran á gbé ọgbẹ́ lọ, á sì lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Nílé, nǹkan yàtọ̀. Ṣakabùlà tí àwọn bàbá wa ń gbé kò ní awò. Òru ni wọ́n sábà máa ń dẹ, iná orí ni wọ́n fi ń wá ojú ẹran, ẹran náà kì í sì í jìnnà sí wọn. Níhìn-ín, àgbọ̀nrín lè dúró létí pápá ní 150 yáàdì ní ìdájí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní íǹṣì 5 ló wà láàárín òrùka méjèèjì tó di awò mú. Ẹ pín íǹṣì kan sí ọ̀nà 1,000. Bí òrùka kan bá yẹ̀ ní 5 péré nínú rẹ̀, ọta á ti fi ohun tó lé díẹ̀ ní íǹṣì mẹ́ta àbọ̀ yẹ̀ ní 100 yáàdì. Ojú lásán kò lè rí bí òrùka ṣe yẹ̀ tó, ṣùgbọ́n ẹran á mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé ìbọn .308 rẹ̀ wá síbi tí a ti ń dán ìbọn wò. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọ́n káàkiri bébà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, awò yìí ti kú." Ó tilẹ̀ ti ń wo iye tí òmíràn jẹ́ lórí fóònù. Bàbá òyìnbó kan tó jókòó sí tábìlì kejì bọ́ sọ́dọ̀ wa. Kò wo inú awò rárá. Ó fi ọwọ́ kan di ara awò mú, ó fi ìkejì di igi ìbọn, ó sì rọra mì ín. Irin ìsàlẹ̀ tó gbé òrùka ló ń mì. Nígbà tí a tú u, òróró ló kún inú ihò síkúrúù, èyí tó wà níwájú sì ṣeé fi ìka yí. A fi sípírítì fọ gbogbo rẹ̀, a jẹ́ kó gbẹ, a sì dè é bó ṣe yẹ. Awò tó ti sọ pé ó kú yẹn náà ló tún fi yìn ín, ihò ọta sì wà pa pọ̀ lójú kan lórí bébà. Láti ọjọ́ náà, n kì í bú awò kí n tó mi ìdè rẹ̀ wò.

Lórí rírà, ẹ mọ irú ìbọn yín dájúdájú kí ẹ tó sanwó. Lórí Ruger M77, ilé iṣẹ́ ti gé ibi tí òrùka máa jókòó sí sára irin ìbọn gan-an, wọ́n sì máa ń fi òrùka rẹ̀ kún un. Tikka T3 náà ní ojú gígé tirẹ̀, tó fẹ̀ tó mìlímítà 17, tí òrùka lè gbá mú láìsí irin ìsàlẹ̀. Remington 700 ní ihò síkúrúù lókè, ṣùgbọ́n èyí tí irin ìbọn rẹ̀ gùn (long action) àti èyí tó kúrú (short action) ló wà, àlàfo ihò wọn kò sì bára mu.

Réèlì, ìyẹn irin gígùn tí wọ́n gé ojú àlàfo sí lára kí òrùka lè jókòó sí i, ló tún ń da àwọn èèyàn láàmú. Weaver àti Picatinny jọra lójú, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ojú àlàfo Weaver jẹ́ íǹṣì 0.180, ti Picatinny jẹ́ 0.206. Picatinny ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ṣe òṣùwọ̀n wọn ní 1995, àlàfo rẹ̀ sì dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òrùka Weaver sábà máa ń jókòó sórí Picatinny, àmọ́ òrùka Picatinny kì í sábà wọ Weaver. Ẹ má fi tipátipá tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Òrùka gbọ́dọ̀ bá ara awò mu: íǹṣì kan ni àwọn kan, mìlímítà 30 ni àwọn mìíràn, 34 sì wà. Mo ti rí ẹni tó fi bébà ká awò onííǹṣì kan kó lè kún òrùka 30. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti gíga, ibi tó bá rẹlẹ̀ jù lọ láìjẹ́ pé ojú iwájú awò kan ọ̀pá ìbọn, tí ọwọ́ bolt (irin tí a ń fà láti ki ọta sínú ìbọn) náà sì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìha, ibẹ̀ ló dára jù. Bí awò bá ga jù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín á kúrò lórí igi ìbọn, orí á máa léfòó, ojú kò sì ní bọ́ síbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ràn òrùka onífèrèsé, èyí tó gbé awò sókè kí èèyàn lè máa wo abẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku dídè. Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo ọta, kí ẹ fi ojú àti ìka yẹ inú ìbọn wò. Òfin Texas ní kí ẹni tí a bí ní 2 Oṣù Kẹsàn-án 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ, ohun tí wọ́n sì máa tẹnu mọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ òróró kúrò nínú gbogbo ihò àti síkúrúù. Ẹ wo gígùn síkúrúù kọ̀ọ̀kan, torí èyí tó bá gùn jù lè yọ sísàlẹ̀ kó máa há bolt. Mo máa ń kán gọ́ọ̀mù búlúù (èyí tí kì í jẹ́ kí síkúrúù tú fúnra rẹ̀) díẹ̀ sí síkúrúù ìsàlẹ̀, n kì í fi sí ti òrùka. Ẹ má fi pupa sí ibikíbi.

Sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn agbára tí a fi ń de síkúrúù, kì í ṣe fáàrí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọwọ́ lásán kò sì mọ ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe awò ní kí síkúrúù òrùka wà láàárín 15 sí 18 inch-pound (ìwọ̀n agbára dídè). Ìwé tó bá ti yín wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Tó bá le jù, òrùka á fún ara awò wọnú. Ẹ máa dè wọ́n ní ìkọjá-síra, díẹ̀díẹ̀, bí àwọn fọkanáísà ṣe ń de nọ́ọ̀tì táyà, kí àlàfo ìhà méjèèjì òrùka lè dọ́gba. Kí ẹ tó fún òrùka mọ́ réèlì, ẹ tì í síwájú kó fẹnu kan ògiri àlàfo, torí ìbọn á sáré sẹ́yìn bó bá dún, awò á sì fẹ́ ṣẹ́ kù síwájú.

Ẹ wọ kóòtù tí ẹ máa wọ̀ lọ sóko, kí ẹ fa awò sí ìwọ̀n tó ga jù, kí ẹ gbé ìbọn sí èjìká pẹ̀lú ojú dídì, kí ẹ wá la ojú. Bí ẹ kò bá rí gbogbo àwòrán, ẹ sún awò síwájú tàbí sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ awò ọdẹ fẹ́ nǹkan bí íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin sí ojú. Bó bá sún mọ́ yín ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò la ìpéǹpéjú yín nígbà tí ìbọn bá ta sẹ́yìn. Fún àgbélébùú inú awò, èmi máa ń so òkúta mọ́ okùn lókèèrè, màá gbé ìbọn dọ́gba, màá sì fi ìlà òòró bá okùn náà mu. Bí ẹ bá dè é tán, ẹ tún wò ó, torí síkúrúù lè yí awò díẹ̀.

Níbi ìdánwò, ẹ yọ bolt, ẹ wo bébà láti inú ọ̀pá ìbọn ní 25 yáàdì, kí ẹ sì fa àgbélébùú wá bá a. Lórí awò tí kílíìkì kan rẹ̀ (ìró kan tó ń dún bí a bá yí ohun tí a fi ń tún un ṣe) ń mú ọta rìn ní ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì ní 100 yáàdì, kílíìkì 16 ló ń mú ọta rìn ní íǹṣì kan ní 25, mẹ́rin ni ní 100. 100 ni kí ẹ ti parí rẹ̀.

Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín láti orí síkúrúù kọjá sára òrùka. Bí ìlà náà bá ti já, síkúrúù ti yí nìyẹn. Bí ìbọn bá ṣubú, tàbí tó bá fi ọ̀nà gbágungbàgun jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ dé oko, bébà ni kí ẹ kọ́kọ́ yìn ín sí.