Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín gbé báàgì oògùn gun òkè: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Ìdànrè

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti ń dáwó jọ fún ìgbafẹ́ ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó bọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́ tèmi ná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìdànrè dé ni. Ẹsẹ̀ ṣì ń ro mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrora ẹsẹ̀ ló mú mi kọ èyí.

Ẹ mọ bí ètò wa ṣe máa ń rí. A ó kúrò ní Ìbàdàn ní Jímọ̀ọ̀, a ó sùn ní Àkúrẹ́, a ó gun òkè Ìdànrè ní Sátidé, a ó wá gba Ìkọ̀gósì lọ wẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ká tó kọrí sílé. Kúlà mọ́ínmọ́ín, kúlà ìrẹsì, aṣọ ẹgbẹ́jọdá tó ní orúkọ ilé ìwé lẹ́yìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kẹta ni gbogbo wa ti ń sọ ọ́ pé a fẹ́ lọ sinmi.

Èmi ni mo dárúkọ Ìdànrè. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ fojú ara mi rí ìlú tí wọ́n gbé lórí àpáta kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Òdòdè: ààfin Ọwá àtijọ́ pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́, ilé ìwé tó ti wà láti 1896, ojú ẹsẹ̀ Àgbòògùn lórí àpáta, tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ ẹni gbogbo mu àfi ti àjẹ́. Láti 2007 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kọ orúkọ òkè náà mọ́ àwọn ibi tí wọ́n lè sọ di ogún àgbáyé lọ́jọ́ iwájú. Gbogbo èyí ni mo ń rò fún wọn nínú bọ́ọ̀sì títí ẹnìkan fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn sùn. Ẹ wò ó, mi ò rí ìkankan nínú ẹ̀. Mi ò dé ọ̀hún.

Ọ̀gá mi kan lẹ́nu iṣẹ́, Mọ́mì Àánú, bá wa lọ. Wọ́n ní ásímà. Kì í ṣe àṣírí. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí eruku ṣọ́ọ̀kì bá ti pọ̀ jù, Mọ́mì á jáde síta. Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ló gbé alásímà dórí òkè, dókítà wọn mọ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ó ní kí wọ́n máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n fa ìnhélà aláwọ̀ búlúù yẹn, oògùn tí wọ́n ń fi ẹnu fà sáyà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kó sì wà nítòsí wọn. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe fà á nísàlẹ̀ òkè. Wọ́n wá jù ú padà sínú báàgì.

Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lé ní 600. A ò tíì gùn ún jìnnà tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tó kéré láàárín wa, ọmọ tó mọ̀wàhù dáadáa, fi sọ pé, "Mọ́mì, ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e." Ó gbé báàgì náà kọ́ èjìká, ó tún gba tèmi mọ́ ọn. A súre fún un. Ta ni kò ní súre fún un? Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í díje nìyẹn, pé ta ni yóò kọ́kọ́ dókè. Ká tó dé ibi ìsinmi kejì, a ò gbúròó wọn mọ́.

Ojúọjọ́ tutù. Ẹ mọ oṣù kẹjọ: òòrùn ò yọ, ìkùukùu bo orí àpáta, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Gbogbo wa ń dúpẹ́ pé a ò ní làágùn, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn tútù yẹn gan-an ni ọ̀tá alásímà tó ń gun òkè. Nígbà tó yá, Mọ́mì Àánú dúró, wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Mo rò pé ìlú nísàlẹ̀ ni wọ́n ń wò, torí ó dùn-ún wò láti ibẹ̀. Mo tilẹ̀ ti yọ fóònù kí n yà wọ́n ní fọ́tò. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ àyà wọn tó ń súfèé.

"Ìnhélà."

Mo ní, "Ó dà, mà?"

Wọ́n nawọ́ sí orí òkè.

Mo pariwo orúkọ ọmọ yẹn, àpáta dá ohùn mi padà fún mi. Mo pè é lórí fóònù. Ó ń dún. Ẹ mọ àwọn orin tí àwọn èèyàn máa ń fi sí fóònù kí ẹni tó ń pè wọ́n máa gbọ́? Orin ọpẹ́ ni tiẹ̀, pẹ̀lú ìlù, ó kọ ọ́ dópin, kò gbé e. Mo tún pè é, orin tún bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì Àánú ò lè sọ gbólóhùn kan parí mọ́. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á jà fún èémí, wọ́n á tó sọ ìkejì. Kòtò ọrùn wọn ń wọnú, ètè wọn ti ń yí àwọ̀ padà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn wọn, mo fi àyà mi gbé wọn ró, mo tú bọ́tìnnì ọrùn aṣọ wọn, mo ní kí wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ lé orúnkún.

Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ bò wá. Ìyá kan ní ká da omi tútù lé wọn lórí. Bàbá kan ní ká tẹ́ wọn sílẹ̀ kí wọ́n sinmi, ó sì ti na ọwọ́ sí wọn léjìká. Mo jágbe mọ́ bàbá tó tó bí mi lọ́mọ, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀, torí ẹni tí kò rí èémí fà lórí ìjókòó, ṣé orí ìdùbúlẹ̀ ni yóò ti rí i? Ẹlòmíràn gbé kámẹ́rà sókè sí wa. Mọ́mì Àánú wá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Àánú... wà... lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi." Mo mọ ohun tí wọ́n ń fà lé mi lọ́wọ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn afinimọ̀nà òkè náà, tó ń mú àwọn àlejò mìíràn bọ̀ nísàlẹ̀, ló bi mí pé báàgì aláwọ̀ wo ni. Mo ní pupa. Kò bèèrè nǹkan mìíràn. Ó yí padà, ó ń fo àtẹ̀gùn ní méjì-méjì lọ sókè. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó kó tó padà.

Báàgì dé, Mọ́mì fa ìnhélà, wọ́n sinmi, wọ́n tún fà á, títí àyà fi là. A gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́ fi ẹ̀rọ fún wọn ní oògùn. Lálẹ́, wọ́n jẹ iyán. Ara wọn ti le báyìí.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: oògùn tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́ kì í gbé inú báàgì. Àpò aṣọ ni ipò rẹ̀, tàbí àpò kékeré tí a so mọ́ ìdí, tàbí kí a fi okùn gbé e kọ́rùn bíi káàdì ìdánimọ̀. Kì í ṣe alásímà nìkan ni mò ń bá wí. Ẹni tó ní ìtọ̀ súgà, kí súwíìtì tó máa gbà á sílẹ̀ bí súgà ara bá já wálẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, kí omi àti oògùn ìrora rẹ̀ wà lára rẹ̀. Bí aṣọ yín ò bá ní àpò, ẹ wọ òmíràn.

Ìkejì ni pé bí ẹ bá gba ẹrù lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa rìn. Mo mọ̀ pé ọmọ yẹn ń bínú sí mi, ó ní mo bú òun nínú WhatsApp ilé ìwé. Mi ò bú u. Inú rere ló fi gbé báàgì. Ohun tí mo sọ ni pé inú rere náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí òkè nígbà tí ẹni tó ni báàgì ń kú lọ lágbedeméjì, mo sì tún sọ ọ́ níbí.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ falẹ̀ jù lọ ni kó ṣíwájú, kí gbogbo èèyàn máa tẹ̀lé e. Omi wa àti oúnjẹ wa náà ti bá àwọn sáré-sáré lọ. Ìgbafẹ́ la ní a wá ṣe, ta ló pè é ní ìdíje?

Kí gbogbo ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì mọ bí wọ́n ṣe ń lo ìnhélà: ẹ mì í, kí aláìsàn mí síta, kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń fa èémí wọlé, kó dá èémí náà dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 10 bó bá lè ṣe é. Kó sinmi bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan kó tó tún fà á, ó sì lè fà á tó ìgbà 10 bí ẹ ti ń wá mọ́tò lọ ilé ìwòsàn. Àmọ́ tí ìnhélà bá wà nínú báàgì lórí òkè, kí lẹ fẹ́ fi mímọ̀ yẹn ṣe? Ẹ rí i, àkọ́kọ́ yẹn náà ni.

A ò lọ Ìkọ̀gósì mọ́. Àwọn kan ṣì ń bèèrè owó wọn. N kò dá wọn lóhùn.

Wọ́n ti tún ń sọ̀rọ̀ Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà fún ìgbà Àjíǹde, Mọ́mì Àánú ló sì kọ́kọ́ dáwó. Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, n ó sì máa yẹ àpò wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní mo ń ṣe bíi kọ́sítọ́ọ̀mù, kó wọ mọ́tò tiẹ̀ lọ.