Iná wa ni Ìyá Dámọ́lá ń gùn kiri

Ọ̀rọ̀ tí Màmá Ìbejì tí a jọ ń gbé ilé kan náà sọ láàárọ̀ ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Àwọn àti obìnrin tó máa ń gbé ẹ̀fọ́ wá fún wọn ni wọ́n jọ dúró lẹ́nu géètì. Obìnrin náà bi wọ́n pé kí ló dé tí fíríìjì wọn ò fi mú omi tutù mọ́, wọ́n sì dá a lóhùn pé, "Iná wa ni Ìyá Dámọ́lá ń gùn kiri yẹn." Èmi ni Ìyá Dámọ́lá, ọkọ̀ mi tó jẹ́ iná mànàmáná ló ń gbé e rìn dípò epo ni wọ́n ń sọ. Wọn ò pariwo, wọn ò sì bínú. Bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Èmi wà lókè níbi tí mo ti ń sá aṣọ, gbogbo rẹ̀ sì já sí mi létí.

Ká ní wọ́n bínú ni, ì bá sàn fún mi. Ẹni tó bá bínú, a lè bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ òní fúnra rẹ̀ ò le. Mo lọ sí Marina, mo jókòó nípàdé, mo jẹ àmàlà lọ́sàn-án, mo padà gba Eko Bridge wálé. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bẹ̀rẹ̀ láti Apọ́ngbọ̀n. Dámọ́lá ti sùn kí n tó dé.

Ṣùgbọ́n "iná wa". Iná wo ni ti wa nínú rẹ̀? Mítà mi dá dúró. Èmi ni mò ń ra yúníìtì mi, fóònù mi ni mo fi ń rà á, mo sì ń tẹ nọ́ńbà rẹ̀ wọlé lọ́wọ́ ara mi. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwa tó wà ní Band A, ìpele tí wọ́n ṣèlérí iná púpọ̀ jù fún, láti náírà 68 sí 225 lórí yúníìtì kan lóṣù kẹrin ọdún 2024, gbogbo ilé yìí la jọ figbe ta. Màmá Ìbejì figbe ta, èmi náà figbe ta. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ó ṣì lé ní 200. Kò sí ẹni tó bá mi san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Bí mo bá ṣáàjì ọkọ̀ yìí láti ìdá 30 dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, yúníìtì bí ọgbọ̀n ló ń lọ sí i, ó sì máa ń lé díẹ̀ nítorí pé apá kan iná náà ń di ooru kó tó dé inú bátìrì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ó lé ni. Owó yẹn ò lè ra lítà epo mẹ́wàá mọ́, bẹ́ẹ̀ lítà mẹ́wàá ò lè gbé Camry mi àtijọ́ lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan nínú gosló Èkó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ìgbà Camry mọ ohun tójú mi rí. Mi ò ní tún ọ̀rọ̀ Tin Can, èbúté l'Ápápá, sọ. Mi ò sì ní tún ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kí n má ra Tesla Model 3 tòkunbọ̀, ọkọ̀ oníná tí mò ń gùn yìí, láéláé sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún Màmá Ìbejì rí. Láti ọjọ́ tí mo ti kó wá sílé yìí ni jẹnẹrétọ̀ wọn ti ń kọjú èéfín sí fèrèsé yàrá tí Dámọ́lá ń sùn. Mo ń ti fèrèsé, mo ń fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, mo ń fara dà á. Mi ò dúró lẹ́nu géètì kí n sọ fún aláta pé afẹ́fẹ́ wa ni Màmá Ìbejì ń jó. Ọkọ̀ mi ò yọ èéfín. Kò pariwo. Láàárọ̀ kùtù tí mo bá ń jáde, kò sí ẹni tí mò ń jí. Àní ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́ tí Màmá fúnra wọn yìn ín, wọ́n ní "ọkọ̀ yín ò da oorun arúgbó rú."

Wọ́n yìn ín nígbà yẹn.

Àwọn ọmọ wọn ra AC fún wọn, méjì. Ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan ní yàrá. Bí mo bá fi ọkọ̀ mi sí ampere 10 (ampere ni wọ́n fi ń wọn bí iná tó ń fà ṣe pọ̀ tó), ohun tó ń fà ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti AC méjèèjì yẹn lọ bí wọ́n bá tàn wọ́n pọ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo tún un ṣírò lálẹ́ òní. Kò sí ẹni tó sọ pé AC ń jẹ iná ẹnikẹ́ni. Kò sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́, nítorí pé ara arúgbó ò lè gba irú ooru oṣù kẹta tó ń bẹ ní Surulere yìí láìní AC. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pa á. Mo kàn ń wò ó ni.

Bóyá ohun tó jẹ́ kí tèmi yàtọ̀ ni pé ọkọ̀ ń jáde. Iná tí AC bá jẹ, inú ilé ló jẹ ẹ́ sí. Iná tí mo bá fi ṣọbẹ̀, òórùn ọbẹ̀ náà á ta sí gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n tèmi, mo gbé e gba géètì jáde lójú gbogbo èèyàn, mo gbé e kọjá afárá lọ sí Marina, mo sì padà wá lálẹ́ láti gba òmíràn. Ẹni tó bá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn tí fánù rẹ̀ ò yí, tó wá rí mi tí mò ń wa ọkọ̀ jáde pẹ̀lú fèrèsé tí mo ti pa, tí AC ń fẹ́ sí mi lára... kí ni kó rò?

Mi ò mọ̀ pé màá wá dá wọn láre lórí ohun tó ń dùn mí.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ọkọ̀ náà lẹ́yìn oúnjẹ. Mo fi púlọ́ọ̀gì sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná tewéko ẹnu ibi tó ti ń gba iná bẹ̀rẹ̀ sí í mí, ó ń mọ́lẹ̀, ó ń ṣókùnkùn. Mo jókòó síwájú, mo wo ojú gíláàsì ńlá tó wà láàárín. Ọkọ̀ yìí máa ń kọ iye volt, ìyẹn bí iná tó ń wọlé ṣe lágbára tó, síbẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, 204 ni, bẹ́ẹ̀ 230 ló yẹ kí iná wa jẹ́. Nígbà tó fa dé ampere 10, ó bọ́ sí 188. Mo jáde, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì náà bí mo ti máa ń ṣe. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbóná. Àmì pupa rúsúrúsú tó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ti àtijọ́ ni, láti ìgbà tí mo ṣì ń lo ampere 13.

Volt 16 ló lọ. Ibo ló lọ? Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣòfò sínú wáyà tèmi, èyí tó tínrín tó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri láti mítà dé ibi tí ọkọ̀ dúró sí, a jẹ́ pé ẹjọ́ mi ò sí ńlẹ̀, èmi nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá jẹ́ ti wáyà gbogbo wa, èyí tó ti ìdí tíráńsífọ́mà ìkóríta wá, fánù Màmá Ìbejì ti mọ̀ nípa rẹ̀ kí n tó mọ̀. Orí féèsì kan náà, ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta tó ń gbé iná wá, la wà. Nígbà tí féèsì kejì jóná lọ́jọ́sí ni wọ́n kó wa jọ sórí èyí, kò sì sẹ́ni tó rántí dá wa padà. Ọmọkùnrin tó máa ń bá wa tún iná ṣe ní òun lè gbé wáyà ọkọ̀ mi lọ sórí òmíràn lọ́jọ́ Sátidé. Mo bi í pé ta ló wà lórí òmíràn yẹn. Ó ní Alhaji òkè ni.

Ṣé kí fánù Alhaji wá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ nìyẹn?

Mo rò pé kí n máa ṣáàjì láti agogo méjìlá òru. Ṣùgbọ́n òru gan-an ni Màmá ń lo AC. Ọ̀sán ló dára jù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni ọkọ̀ wà ní Marina, kò sì sí ibi tí mo lè so ó mọ́ níbẹ̀. Sólà ńkọ́? Láńlọ́ọ̀dù ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òrùlé òun. Ó parí.

Àbí Sátidé àti Sunday? Lílọ àti bíbọ̀ mi ò ju kìlómítà 25 lọ lójúmọ́. Ọjọ́ márùn-ún, kìlómítà 125. Pẹ̀lú AC inú ọkọ̀ àti gbogbo rẹ̀, kò yẹ kó jẹ ju yúníìtì 25 lọ, torí pé bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan nínú gosló, mọ́tò rẹ̀ ò jẹ nǹkan kan, AC nìkan ló ń jẹ. Bí mo bá so ó láàárọ̀ Sátidé títí di ìrọ̀lẹ́, yúníìtì bí ogún á ti wọlé. Sunday á fi kún un. Ó tó! Ó tó mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, àfi bí mo bá ní ìrìn Lẹ́kì tàbí Ìkẹjà láàárín.

Kí ló wá dé tí mo fi ń so ó mọ́ iná lálaalẹ́?

Mo mọ ohun tó fà á. May 29, 2023, tí Ààrẹ Tinubu sọ ní Eagle Square pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, mo wà lórí ìlà nílé epo kan ní Ọjúẹlẹ́gba kí ilẹ̀ tó ṣú. Títí mo fi dé iwájú, ọmọ náà ní àwọn ò tà mọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà tí kò tó 200 ti di 488 l'Ékòó. Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tó bá ti lè kún, kíkún ni mo fẹ́ kó kún. Ọkọ̀ yìí dé, ìbẹ̀rù yẹn ò kúrò. Nínú ọdún 2024, gíríìdì orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ léraléra, Band A tó ní wákàtí 20 lójúmọ́, a rí ìgbà tí kò fún wa ní méjì. Bí iná bá ti wà, mo máa ń so ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni Màmá máa ń tan AC méjèèjì, Alhaji á tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí àwọn ọmọ bá ti pariwo "Up NEPA!" báyìí, gbogbo ilé ló ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ń sáré kó tó lọ.

Ó dára, mo ti yọ púlọ́ọ̀gì náà. Ìdá 41 ló wà nínú rẹ̀, ó tó mi títí di Sátidé. Ó ń ṣe mí bákan pé mo fi sílẹ̀ láìkún, ṣùgbọ́n mo ti fi sílẹ̀.

Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ yẹn á ti sọ ọ́ títí dé Tẹ́júoṣó báyìí.

Bàbá mẹkáníìkì wa tún bi mí lánàá pé, "Àǹtí, ṣé kò tíì bàjẹ́?" Mo ní rárá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn. Kò sí ọ́ìlì tí wọ́n máa pààrọ̀ fún mi mọ́, kò sí púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n máa fọ̀, bíréèkì pàápàá kì í tètè jẹ torí pé bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ sókè ni mọ́tò fúnra rẹ̀ ti ń dá ọkọ̀ dúró. Fọkanáísà nìkan ló ṣì ń rí mi. Ọkọ̀ náà wúwo, táyà ń tètè jẹ, kò sì ní táyà àpọ̀jù, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ kòtò Surulere. Mo ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún Bàbá. Mi ò mọ ìdí tí mo fi rà á.

Màá lọ kan ilẹ̀kùn Màmá Ìbejì lọ́la kí n tó jáde. Mi ò ní sọ pé mo gbọ́ nǹkan kan. Màá kúnlẹ̀ kí wọn, màá wá béèrè pé, "Màmá, ẹ dákun, ṣé fánù yín máa ń falẹ̀ bí mo bá ti so ọkọ̀?" Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, màá sọ pé Sátidé àti Sunday nìkan ni mo fẹ́ máa so ó, lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá ní rárá, a jẹ́ pé wọ́n kàn sọ ọ́ lásán ni, ìyẹn á sì tún dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mi ò ní mú rìsíìtì yúníìtì dání. Mo ti fẹ́ mú un tẹ́lẹ̀, mo tiẹ̀ ti kó wọn jọ lórí fóònù. Ẹni tí iná ò tó kò ní fẹ́ mọ iye tí mo san.

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ èéfín jẹnẹrétọ̀ yẹn, màá sọ òun náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bóyá kì í ṣe lọ́la.

Ṣùgbọ́n wọn ì bá ti pè mí o. Àtẹ̀gùn kan ló wà láàárín wa. Àwọn ló gbé Dámọ́lá pọ̀n nígbà tí mo wà ní ọsibítù, àwọn ló mọ ohun tí ẹlòmíràn ò mọ̀ nípa mi nínú ilé yìí. Wọ́n lè na ọwọ́ kan ilẹ̀kùn mi kí wọ́n ní, "Ìyá Dámọ́lá, iná ò gbé fíríìjì mi o." Èmi kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ fún, obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni, ìyẹn ló ṣì ń dùn mí.