Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: Títẹ́tí sí iná tí ń ta pàrà lára wáyà mọ́tò iná mànàmáná

Àpótí ìdánwò tí mo ṣe láti fi gbọ́ irú iná yìí ti wà lórí tábìlì mi ní Kabba báyìí, ó sì ṣeé lò. Àwọn tí ń tún wáyà inú mọ́tò iná wé, láti ìhín dé ilẹ̀ Yàgbà, ló fa ọ̀rọ̀ náà: mọ́tò kànga ẹ̀rọ tí ínfátà (ẹ̀rọ tí ń yí iná padà láti darí eré mọ́tò) ń darí máa ń jó ní ìyípo wáyà àkọ́kọ́, nígbà tí ìyókù ṣì ń dán. Ìtasí òjijì, ìyẹn iná tí ń wá ní ẹyọ ẹyọ, ni ínfátà ń rán, fóltéèjì rẹ̀ á sì ti gòkè tán láàárín nǹkan bí 100 nánósẹ́kọ́ǹdì (bílíọ̀nù kan nánósẹ́kọ́ǹdì ló wà nínú sẹ́kọ́ǹdì kan). Bí wáyà tó lọ sínú kànga bá gùn, ìtasí náà á ta padà lẹ́nu mọ́tò, tí 587 fóltì tí a rí láti ara iná 415 fóltì yóò fi sún mọ́ 1,170, ìyípo àkọ́kọ́ ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ àárín wáyà méjì kò lè là kí iná gba inú rẹ̀ kọjá bí ohun tó wà lórí rẹ̀ kò bá tó nǹkan bí 330 fóltì. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, iná kékeré lè máa ta pàrà níbẹ̀, kí ó máa jẹ fánísì, ìyẹn ọ̀dà tí a fi bo wáyà, díẹ̀díẹ̀.

Wáyà bàbà méjì tí mo lọ́ pọ̀ ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Gbígbọ́ ìtapàrà náà ló le. Ọ̀nà tí a ń lò fún iná 50 hẹ́ẹ̀tìsì, tí ń tẹ́tí sí ìsàlẹ̀ 1 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì, kò wúlò níbí, nítorí ariwo ìtasí fúnra rẹ̀ ti bo ibẹ̀, bí ẹni ń wá igbe ìrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Ṣùgbọ́n ìtapàrà kì í ju nánósẹ́kọ́ǹdì mélòó kan lọ, nítorí náà agbára rẹ̀ ń dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì, níbi tí ti ìtasí ti rọ̀ púpọ̀. Mo wá fi áńtẹ́nà kékeré kan, àsẹ́ tí ń dí ohun tó wà nísàlẹ̀ 300 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì, àti rédíò USB olówó pọ́ọ́kú gbá a mú. Inú agolo bísíkíìtì onírin ni gbogbo rẹ̀ wà, nítorí òpó fóònù tó wà nítòsí ń pariwo ní 900.

Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni àyẹ̀wò kàpásítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tí ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo máa ń yọ wáyà náà, mo sì máa ń fi kàpásítọ̀ tí ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́ bá ti wáyà náà dọ́gba rọ́pò rẹ̀: ariwo tó bá ṣẹ́kù jẹ́ ti ẹ̀rọ tí mo fi ń rán ìtasí sí wáyà náà, èyí tó bá lọ jẹ́ ti ìtapàrà. Láìsí i, n kò ní gba èsì kankan gbọ́.

Ohun tó kàn ni kí n mú wáyà náà gbóná, nítorí inú mọ́tò kì í tutù, ooru sì ń mú kí afẹ́fẹ́ fúyẹ́, kí iná sì tètè ta.