Aago Ẹ̀pẹ́, aago Edmonton

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti sọ ọ́ káàkiri ẹbí pé ìgbéraga òyìnbó ni kì í jẹ́ kí n gbé fóònù. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, tí èrò bá dín díẹ̀ lọ́jà Olúwo, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń rántí mi ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà òtútù, wákàtí mẹ́jọ ni Nàìjíríà fi ṣáájú Edmonton, ìlú tí mo ń gbé ní Kánádà. Aago méjì òru ni fóònù ń dún létí mi.

Tó bá di ìgbà ooru, wọ́n á sún aago ibí síwájú ní wákàtí kan, ó di wákàtí méje. Èyí gan-an ni mi ò rí ṣàlàyé. Nílé, aago kan náà là ń lò láti Badagry dé Maiduguri, kò sì sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Aago mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà ní Kánádà. Ti Newfoundland tún mú ààbọ̀ wákàtí dání. Wọ́n dìbò lé ọ̀rọ̀ aago yìí lórí ní Alberta, ìpínlẹ̀ tí Edmonton wà, lọ́dún 2021, bóyá kí wọ́n fi sójú kan. Díẹ̀ báyìí ni àwọn tó ní rárá fi borí, ìdá 50.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi, wọ́n ní, "Ṣé àwọn ló ni oòrùn ni?"

Ti oòrùn Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n. Níbí, ní ìparí oṣù Kejìlá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ku díẹ̀ ni oòrùn ń yọ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ ló ti wọ̀. Lóṣù Kẹfà, ilẹ̀ ò tíì ṣú laago mẹ́wàá alẹ́.

Òtútù kọ́ ló ń dùn mí. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣíwọ́, ìyẹn aago kan òru ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, kò sẹ́ni tó jí tí mo lè bá sọ ọ́. Ẹni tó ń gbé ní yàrá òdìkejì, orí la máa ń mì síra wa. Mo á ro ẹ̀bà, mo á ṣí WhatsApp. Wọ́n ti jà lórí ilẹ̀ bàbá àgbà nínú gúrúùpù ẹbí, wọ́n ti bẹ ara wọn, ẹnì kan ti ju ẹ̀rín sí i, gbogbo rẹ̀ nígbà tí mo ń sùn. Kí ni mo tún fẹ́ dá sí? Màmá mi a fi ohùn ránṣẹ́ látọjà. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ léraléra nítorí obìnrin kan tó ń ná òbòkún lẹ́yìn wọn, tó ń búra pé òun ò ní fi kọ́bọ̀ kún un.

Wọ́n á ní ṣebí èmi ni mo lọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, màmá mi ṣì ń sùn tí mo fi ń jáde, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah. Wọ́n á ti sùn padà kí n tó wọlé. Ilé kan náà là ń gbé, a kì í ríra. Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ sì ni mí: àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ wá nígbà tí wọ́n lé e kúrò l'Ékòó ní 1851 ló bí wa. Ta ló wá ń bá mi wí nítorí pé mo ṣí kúrò níbi kan?

Ẹ̀gbọ́n mi, aago méjì ọ̀sán tiyín ni kí ẹ máa pè mí, kí n tó jáde. Tó bá di oṣù Kẹta, ẹ sún un sí aago kan. Tó bá jẹ́ owó ni, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́.