Àga 20 tí mo fi bírò pa rẹ́: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin tó ń bọ̀ wá ṣe ààrẹ ẹgbẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ti ń dárúkọ yín fún ipò ààrẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọ̀sẹ̀ kan fún yín nínú ọdún tí mo fi darí ẹgbẹ́ aláàánú wa.

Lọ́jọ́ Ajé, ìpàdé ìgbìmọ̀ kò parí títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́tà mẹ́fà ni mo fọwọ́ ara mi kọ, bẹ́ẹ̀ a ní akọ̀wé. Lọ́jọ́bọ̀, àlejò tó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ nípàdé kò dé, èmi náà ni mo dìde tí mo ń sọ tibí sọ tọ̀hún kí àyè má baà ṣófo. Lọ́jọ́ Ẹtì, fóònù ni láti àárọ̀ dalẹ́. Mo fo Ọjọ́rú nítorí pé ojú ń tì mí. Ọjọ́ yẹn ni mo lọ kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ìyá rẹ̀ ṣaláìsí. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn, òun nìkan ni n kò lè rán ẹlòmíì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo lò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì wo fóònù mi níwájú ọlọ́fọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún àwọn ará àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, la fi ṣe alága ètò náà. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n nílò sílẹ̀: ẹ̀rọ mẹ́ta, báńdì tó tóbi fún àwọn tí apá wọn sanra, bátìrì, ìwé ìforúkọsílẹ̀, àga 30. Mo gba ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ Ajé, mo fi bírò pa àga 20 rẹ́. Mo ní ká ṣọ́wó ná, 10 ti tó, àwọn tó kù á dúró. N kò pè wọ́n kí n bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi 30 ṣe.

Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Á fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á kanlẹ̀, á gbé apá lé tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kò sì ní sọ̀rọ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ìlà, tó sì ń rojọ́ lọ́wọ́, ohun tí ẹ̀rọ máa sọ lè ga ju bó ṣe yẹ lọ. Èrò sì dúró bámúbámú, wọ́n ń takurọ̀sọ, wọ́n ń bá ara wọn jà sí ipò. Kí ìdí wọn tó kan àga, báńdì ti wà lápá wọn. Nọ́ńbà òkè tí ẹ̀rọ gbé jáde fún bàbá kan jẹ́ 168, ó ga jù, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. Nọ́ọ̀sì wa mú wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí wọ́n sinmi, kí wọ́n dákẹ́. Nígbà tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n, 136. Màmá wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n dá gbogbo iṣẹ́ dúró títí a fi yá bẹ́ǹṣì wá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti bínú lọ.

Ẹgbẹ́ tiwa kì í ṣe Rotary, ẹgbẹ́ aláàánú àgbáyé nì, ṣùgbọ́n ìtàn Rotary la fi ń kọ́ àwọn tuntun: bí Paul Harris, agbẹjọ́rò kan ní Chicago, ṣe pe ọ̀rẹ́ mẹ́ta jọ ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1905, tí ìpàdé wọn sì ń yí láti ọ́fíìsì ẹnì kan dé ti ẹlòmíì, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àìmọye ìgbà ni mo ti sọ ọ́, tí mo ń fọwọ́ yí po láfẹ́fẹ́. Iṣẹ́ tèmi kì í yí. Tí mo bá gbé e fún èèyàn, ọwọ́ mi á ṣì wà lára rẹ̀. Bí ohun kan nínú ìwé alága ètò kò bá yé yín, ẹ pè é kẹ́ ẹ tó mú bírò.

Lọ́jọ́ Àìkú, akọ̀wé bi mí pé nọ́ńbà wo ni kóun kọ sínú ìròyìn. Orúkọ 112 ló wà nínú ìwé, èèyàn 71 la yẹ̀ wò. Ẹ má purọ́ fún mi, 112 wù yín náà. Mo ní kó kọ 71, kó sì kọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo pe Màmá, mo tọrọ àforíjì.

"Ààrẹ, ó ti tán," ni wọ́n wí. "Mo ti kọ ìwé ti oṣù tó ń bọ̀. Àga 40 ni."

Mo ní, "Kò burú, Mà."