Ara iyùn mi ń bó: àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méje

Sátidé, 8 oṣù Kẹta

Mo jí lówùúrọ̀ yìí, mo bá funfun nídìí Acropora aláwọ̀ ewé mi, irú iyùn kan tó máa ń yọ ẹ̀ka. Kò fẹ̀ ju èékánná ọmọ-ńdinrín lọ, níbi tí mo fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta gan-an. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń tọ́ ọ nínú táǹkì omi iyọ̀ tó wà ní pálọ̀ wa ní London níbí. Ẹ̀ka kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ ni mo rà, ó ti wá tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

Iyùn tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ọba ń fi sọ́rùn o. Tọba, egungun iyùn pupa ni, èyí tí wọ́n ń wà láti inú Òkun Mẹditaréníà, tí wọ́n gé, tí wọ́n lu, tí wọ́n sì dán. Tèmi ṣì wà láàyè: àwọn ẹranko wíńníwínní tó so pọ̀, tí ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo egungun wọn. Nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ rí i lórí fóònù, wọ́n ní, "Àwọn bàbá ńlá rẹ ń fi iyùn ṣẹ̀ṣọ́, ìwọ ń bọ́ tìẹ lóúnjẹ!" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni bóyá ó ṣí láwọ̀ ni tàbí ó bó. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tó ṣí láwọ̀ ṣì ní ẹran lára. Àwọn ewé omi tójú ò lè rí, tó ń gbé inú ẹran ọ̀hún tó sì ń fún un láwọ̀, ló kó jáde. Mo pa iná, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lókè, ọwọ́ wíńníwínní ń na jáde. Nísàlẹ̀, egungun lásán, ihò-ihò bí afárá oyin, ààlà àárín méjèèjì sì mú bí ẹni fi bíléèdì fà á. Ó bó.

RTN (rapid tissue necrosis, ìbó kíákíá) ni àwa tó ń tọ́ iyùn ń pe èyí tó máa ń bó iyùn tán láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ méjì. STN (slow tissue necrosis) ni èyí tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìsàlẹ̀ ló sì sábà máa ń ti í bẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn orúkọ méjèèjì. Bí ìgbà tí dókítà bá yẹ̀ ọ́ wò tán tó ní "ara rẹ gbóná" ni. Kí ló mú un gbóná?

Àìkú, 9 oṣù Kẹta

Mo dán omi wò. KH, ìwọ̀n èròjà inú omi tí iyùn fi ń kọ́ egungun, jẹ́ 7.4, bẹ́ẹ̀ 8.5 ni mò ń fẹ́. Nitrate àti phosphate, oúnjẹ inú omi, ò tiẹ̀ mú àwọ̀ kankan wá. Inú mi dùn sí ìyẹn, mo ní omi mi mọ́. Mo fi kún èyí tí pọ́ǹpù ń dà sínú omi kí KH lè gòkè. Ìgbà kẹta rèé tí mò ń fi kún un láàárín oṣù kan.

Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta

Funfun ti gùn sókè tó mílímítà mẹ́fà. Mo ya fọ́tò, mo gbé rúlà ti gíláàsì kí n má baà máa fojú bù ú.

Ọkàn mi lọ sórí aràn pẹlẹbẹ tó ń jẹ Acropora, èyí tí wọ́n ń pè ní Prosthiostomum acroporae. Àwọ̀ rẹ̀ bá ti iyùn mu débi pé o lè tẹjú mọ́ ọn kó o má rí i. Àpá ẹnu rẹ̀ ló ń tú u fó, róbótó, ṣíṣí láwọ̀, àti ẹyin rẹ̀ tó máa ń yé sórí egungun tó ti bó. Mo po áyódíìnì mọ́ omi táǹkì nínú abọ́ funfun, mo ri iyùn náà sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì ń fi rọ́bà ìfami fín omi sí gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú abọ́. Iyanrìn. Alákàn kan tí kò tó ẹ̀wà, tó ń bínú sí mi. Kò sí aràn, kò sí ẹyin. Ẹ̀ka kan dá mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta

Mo tún rì í. Kò sídìí kankan, àyà mi ló ń já.

Sátidé, 15 oṣù Kẹta

Acropora kejì ti bẹ̀rẹ̀ nídìí. Ti ẹ̀kẹta ò bó nídìí, ṣùgbọ́n ṣóńṣó ẹ̀ka rẹ̀ ti jóná. Orí ẹ̀ka tó ń dàgbà máa ń funfun lóòótọ́, àmọ́ ẹran ti kúrò lórí èyí, ewé omi sì ti ń hù sí i. Aràn wo ló máa jẹ ti èyí nídìí, tó máa jẹ ti ìyẹn lórí?

Mo bu omi sínú ìgò, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra ẹja. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi wọn tiwọn. KH 11.9. Mo ní kí wọ́n tún un wọ̀n. 11.8.

Mo délé, mo gbé ìgò omi ìdánwò mi síbi ìmọ́lẹ̀. Ìdérí rẹ̀ ti sán. Ásíìdì tí wọ́n fomi là ló wà nínú rẹ̀: a máa ń kán an títí àwọ̀ á fi yí láti búlúù sí yẹ́lò, iye ẹ̀kán ló sì ń sọ KH. Omi ti fẹ́ lọ lára tèmi, ásíìdì ti ki, ẹ̀kán díẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀kán púpọ̀. Ó ń sọ fún mi pé KH lọ sílẹ̀, èmi náà ń dà á sí i. Omi òkun fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 7 lọ. Àwọn kan ń lo 11 láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n oúnjẹ máa ń wà nínú omi tiwọn. Omi "mímọ́" tí mò ń yọ̀ sí yẹn ni KH gíga ti ń jó iyùn.

Mo pa pọ́ǹpù. Mo pààrọ̀ omi lítà 30 nínú 250, mi ò sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí KH bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn náà lè bó wọn. Àwọn ẹja jẹun ìlọ́po méjì lálẹ́ yìí.

Àìkú, 16 oṣù Kẹta

Mo gé Acropora àkọ́kọ́. Mo fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ lókè ààlà, nínú ẹran tó dá ṣáṣá, torí tí o bá gé e lórí ààlà gan-an, ìbó náà á bá ẹ̀ka lọ. Ó pọ itọ́ yọ̀ọ̀yọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀ka mẹ́fà ni mo rí, mo lẹ ìkọ̀ọ̀kan mọ́ òkúta tirẹ̀. Èyí tó kéré jù, mo fi gúlúù bo etí ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi yọjú: "Olówó orí mi, ẹja yín ò ṣeé sè, òkúta yín ò ṣeé kọ́lé, ẹ tún wá di dókítà."

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n da amoxicillin sínú omi. Ó ti gbọ́ nípa Florida, níbi tí àìsàn kan ti ń bó iyùn láti ọdún 2014, ẹ̀gbẹ́ Miami ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Òótọ́ ni pé àwọn òmùwẹ̀ abẹ́ òkun ń fi amoxicillin tí wọ́n pò bí ìpara sí i. Ojú ọgbẹ́ ni wọ́n ń fi í sí, wọn kì í dà á sínú omi. Àìsàn ọ̀hún kì í sì í mú Acropora.

Sátidé, 29 oṣù Kẹta

KH 8.3 nínú ìgò tuntun. Phosphate ti mú àwọ̀ búlúù díẹ̀ wá. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ààlà ò ti kúrò níbi tó wà.

Sátidé, 26 oṣù Kẹrin

Mẹ́rin yè nínú mẹ́fà. Ẹran ti ṣàn bo gúlúù lára méjì, bí òrí tó yọ́ lójú oòrùn. Acropora kejì ò tíì pinnu. Mò ń ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọọ́jọ́ Àìkú. Mo fi máákà kọ ọjọ́ tí mo ṣí ìgò tuntun sára rẹ̀, mo sì fi rọ́bà di ìdérí rẹ̀.