Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ẹjọ́ ipò ìlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka àkọsílẹ̀ King's Bench, kóòtù gíga ọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó wà ní ipò ìlú tí wọ́n ń jà lé lórí. Bí wọ́n bá ti yọ olùpẹ̀jọ́ nípò, mandamus ló ń wá, ìyẹn àṣẹ pé kí wọ́n dá a padà. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń bá jà ló jókòó síbẹ̀, quo warranto ni: "Àṣẹ wo lo fi wà níbẹ̀?" Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Nínú quo warranto, olùjẹ́jọ́ ló ń ru ẹrù ẹ̀rí. Ó gbọ́dọ̀ tò ó lẹ́sẹẹsẹ: ohun tí ìwé àṣẹ ọba wí, bí àyè ṣe ṣí sílẹ̀, ọjọ́ ìdìbò, ẹni tó ṣe alága, ìbúra. Lẹ́yìn Corporation Act ti 1661, òfin tó de àwọn olóyè ìlú, ó tún gbọ́dọ̀ ti gba Ìdàpọ̀ Mímọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà láàárín ọdún kan ṣáájú ìdìbò. Ọ̀dọ̀ alága ni ọ̀ràn ti sábà máa ń wọ́. Bí méyọ̀ tó darí ìdìbò kò bá lẹ́tọ̀ọ́ sí ipò rẹ̀, ipò àwọn tí wọ́n yàn lábẹ́ rẹ̀ ti mẹ́hẹ nìyẹn. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n pe méyọ̀ àtijọ́ lẹ́jọ́, ẹ wá orúkọ àwọn tó wọlé lábẹ́ rẹ̀. Àwọn gan-an ni wọ́n ń dọdẹ.

Òfin Ayaba Anne ti 1710 ló ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tí kóòtù bá gbà láyè láti pe ẹjọ́ quo warranto; ẹni tó bá pàdánù ló ń san owó ẹjọ́. Òfin yẹn náà ló jẹ́ kí èèyàn lè já irọ́ tó wà nínú èsì tí ìlú fún mandamus nínú ẹjọ́ kan náà. Ṣáájú rẹ̀, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ fi ọjọ́ ìbúra wé ọjọ́ ìpẹ̀jọ́. Nínú àwọn ẹjọ́ ìlú Winchelsea ní 1766, Lord Mansfield, adájọ́ àgbà King's Bench, fi gbèdéke sí ogún ọdún: bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, a kò lè fi quo warranto pe olóyè lẹ́jọ́ mọ́. Òfin 1792 sọ ọ́ di ọdún mẹ́fà.

Ní ti mandamus, ẹjọ́ James Bagg ti Plymouth ní 1615 ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí. Ó bú méyọ̀, wọ́n lé e; kóòtù dá a padà, torí èébú kò tó láti gba ipò lọ́wọ́ ẹni, wọn kò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀: ẹjọ́ Richardson ti Ipswich, 1758, fi múlẹ̀ pé ìgbìmọ̀ ìlú lè yọ ènìyàn fún ìdí tó tọ́, bí ìwé àṣẹ ọba kò tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Ti London ló máa ń bí mi nínú jù. Òfin ìlú ti 1748 ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó kọ ipò ṣẹ́rífù, wọ́n sì ń mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọn Kristẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ Áńgílíkà, àwọn tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gba Ìdàpọ̀ náà. Allen Evans, ọ̀kan nínú wọn, kọ̀ láti san ìtanràn £600 náà. Ní 1767, House of Lords, tó jẹ́ kóòtù tó ga jù nígbà náà, dá a láre: ẹni tí òfin dí lọ́nà ipò, a kò lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò gbà á.